Ìdí Tí Mi Ò Fi Ń Gbé Fóònù Yín

Ìyá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí bọ̀ọ̀dá Hilario àti gbogbo ará ilé ní Pátzcuaro, ní Mẹ́síkò lọ́hùn-ún. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ara Màmá ti yá, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe pé ọwọ́ mi dí ni mi ò fi ń gbé fóònù yín. Ojú ló ń tì mí, torí Sípáníìṣì ò yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Síbẹ̀, wọ́n fi mí ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Látínò, àwa ọmọ tí ìdílé wa ń sọ Sípáníìṣì, ní yunifásítì wa ní Amẹ́ríkà níbí! Ní Sátidé, mo fi Sípáníìṣì kí àwọn òbí káàbọ̀, mo sì ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá kan tó ń ká èso lóko rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, èdè rẹ ń tiro, àmọ́ ó délé.” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Màá gbé e. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Ọmọọmọ yín,
Citlali