Obì Oko Wa, Lọ́wọ́ Owólabí

Ìbídó, Ṣàgámù,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀wàrà, 1982.

Lásúnkànmí, àbúrò mi,

Mo kí ọ o. Mi ò ní bèèrè bóyá ara rẹ le, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò lè láyà láti kọ irú lẹ́tà tí o kọ sí mi. Kí Ọlọ́run ṣáà máa ṣọ́ ọ ní Muṣin níbẹ̀. Ara tiwa náà ń gbádùn díẹ̀díẹ̀.

Ojú ìwé méjì gbáko ni o kọ. O ní kí n tẹ̀ka sí ìwé oko Òde Rẹ́mọ, ìyẹn èyí tó ṣẹ́ kù nínú oko obì tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún àwa méjèèjì, kí o lè fi í bá Owólabí ta ayò ìkẹyìn, kí o sì gba gbogbo rẹ̀ padà. Nínú ojú ìwé méjèèjì, o kò bèèrè Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ikùn rẹ̀ ti yọ kí o tó sá lọ. Áà, Lásúnkànmí!

Ìwọ ni ọ̀ta ayò ní Ìbídó nígbà kan. Kò sẹ́ni tó bá ọ jókòó sídìí ọpọ́n tí kì í dìde ní ọ̀pẹ, o sì máa ń bú wọn títí gbogbo wa á fi máa di ikùn mú fún ẹ̀rín. Inú mi máa ń dùn, mi ò ní parọ́. Àfi ìgbà tí o sọ ayò di tẹ́tẹ́. O ní ìgbà wo ni ẹni tí ń bó obì yóò tó kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń gun Píjò.

O pa Owólabí láyò méjì ní Ẹ̀pẹ́ Ṣàgámù níbí, o gba alùpùpù rẹ̀, o gùn ún wálé. Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé àgbàlagbà tó ti ń ṣòwò obì láti ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe òmùgọ̀, pé ó ń tàn ọ́ ni. O kọ etí ikún sí mi. O ní obìnrin kò mọ ayò. Nígbà tí o padà lọ, ó pa ọ́ ní mẹ́fà léra wọn. O lè dìde nígbà yẹn. Alùpùpù nìkan ni ì bá lọ. Ṣùgbọ́n ó pè ọ́ ní ọ̀pẹ lójú àwùjọ, ó ní kí o lọ bá àwọn ọmọdé ta nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Èébú ìdí ọpọ́n, tí gbogbo wa mọ̀ pé ìdí ọpọ́n ló ń parí sí, ni ìwọ gbé sọ́kàn. O fi oko tìrẹ lé e. Nígbà tí ìyẹn lọ, o fi tèmi, tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, lé e. Mi ò mọ̀, àfìgbà tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ dóko tí mo bá àwọn alágbàṣe Owólabí lórí igi. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kúrò lábẹ́ igi onígi. Èmi, Adétóun!

Àtinúkẹ́ ti bí ọkùnrin. A sọ ọ́ lórúkọ ní Sátidé tó kọjá. Láyé bàbá wa, ilé wa ni gbogbo àdúgbò ti ń gba obì ìsọmọlórúkọ, bàbá kì í gba kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹyọ obì kan nílé. Mo ń múra ọjà nígbà tí ìyàwó Owólabí gbé àwo obì wọlé, ó ní ọkọ òun kí wa kú oríire. Obì oko wa ni. Mo fẹ́ dà á nù, àmọ́ àwọn àgbà ti jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Àtinúkẹ́ sunkún títí a fi parí àdúrà.

Afọláyan ni a sọ ọ́. Bí aráyé bá fẹ́ fi orúkọ náà rín wa, kí wọ́n máa rín wa.

Èsì mi nìyí. Mo ti tẹ̀ka sí ìwé oko Òde Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n Afọláyan ni mo tẹ̀ ẹ́ fún. Àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ìpín tìrẹ ti tán. Èmi fúnra mi ń bó obì fún Owólabí báyìí, ohun tí mo ń gbà níbẹ̀ ni Àtinúkẹ́ fi ń jẹun.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ náà jọ ọ́ lójú, kó má jọ ọ́ níwà. Kí Ó mú ọ wálé, bó tilẹ̀ ṣe lọ́wọ́ òfo.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ kan ṣoṣo,
Adétóun.

Àfikún: Owólabí ní kí n kí ọ. Ó ní bí o bá dé, kí ẹ jọ ta ayò, láìfi nǹkan kan lé e, nítorí òun kò tíì rí ẹni tó mọ ayò ta bíi tìrẹ. Pé bí kì í bá ṣe ìbínú, ìwọ ni ì bá pa òun. Mi ò rò pé o lè ta ayò lásán mọ́.