Ìdí Tí Mo Fi Ti Jangilófà Wa Pa

Ijemo, Abẹ́òkúta.

Àǹtí Harriet, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà. Orúnkún tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ látìgbà tí wọ́n ti ń lo òògùn tí ẹ fi ránṣẹ́. A ti pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé tí atẹ́gùn ṣí.

Àǹtí, ẹ ní kí n ṣí jangilófà alápá mẹ́fà tí ẹ rà sí Kọ́bapẹ́ fún ọdún Àjíǹde. Mi ò lè ṣí i. Ní Sátidé, nígbà tí à ń dán an wò, Màmá ní àwọn fẹ́ gùn ún. Wọ́n gbé Ìlérí, ọmọ mi, sórí itan. Ó ń yí lọ dáadáa kí n tó gbọ́ tí irin ké. Apá tí ìjókòó wọn wà ń gbọ̀n, ó sì ń rẹlẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i kó tó dúró. Màmá kàn di ọmọ náà mọ́ àyà. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, mo rí i pé irin náà ti là dé ìdajì.

Wẹ́dà ní òun á jó o pọ̀. Mo ní rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gba apá tuntun lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín.

Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn. Ṣùgbọ́n Màmá ti gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. Wọ́n ní, “Sọ fún Harriet pé bó bá fẹ́ ṣí i, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi, kí òun àti ọmọ rẹ̀ sì kọ́kọ́ gùn ún.”

Olúwa á pa yín mọ́ fún wa.

Àbúrò yín,
Adétáyọ̀