Pátákó Tí Ẹ Fi Kọ́ Mi Lọ́rùn

Bàbá mi, Hẹ́dímásítà,

Mi ò kí yín pé ẹ kú ilé, mi ò sì ní béèrè bí ara ṣe rí lọ́hùn-ún. Inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wà láyé, ojú yín kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Ní báyìí tí ẹ kò lè fi ojú lé mi wọ yàrá mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi.

Mo ti tún rí pátákó yín. Inú sítọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín ní Pápá Àjàó ló wà láti ọjọ́ yìí wá, níbi tí èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní báyìí. Igi ìrókò ni ẹ ní kí káfíńtà fi ṣe é, ikán kò rí i jẹ. Ọ̀dà funfun tí ẹ fi kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tó gbé e kọ́rùn ń sọ fanákúlà ti ń ṣí, àmọ́ mo dá ọwọ́ yín mọ̀. Ìlà gígùn tí ẹ máa ń fà sábẹ́ orúkọ mi, nígbà tí ẹ bá fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ìwé mi tán, ẹ fa irú rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn náà. Ọwọ́ kan náà! Mo jókòó sórí àpótí ṣọ́ọ̀kì, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Òfin pátákó yín kò le. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ló máa gbé e kọ́rùn títí yóò fi gbọ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́, á wá bọ́ ọ fún onítọ̀hún. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí aago ìlọlé bá dún, ẹgba ni. Ẹ rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi kọ́ wa. Bí a ṣe ń ṣọ́ ẹnu ara wa ni ẹ fi kọ́ wa.

Lọ́jọ́ tí Lánre, ọmọ kíláàsì wa, gbé e kọ́rùn, tí aago sì ti fẹ́ dún, jẹ́jẹ́ ni mo jókòó. Ó fi èékánná ja mí nítan. Mo ké, “Yéè, màmá mi!” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lánre bọ́ pátákó, ó gbé e fún mi tayọ̀tayọ̀. Bàbá mi, ìrora ni mo fi ké. Ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ké ìrora? Ẹ rí ibi tí itan mi ti bó, ẹ rí èékánná Lánre. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ so okùn náà mọ́ mi lọ́rùn, ẹ sì so ó le ju ti àwọn yòókù lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ ń ṣe ojúsàájú. Nígbà tí màmá mi bi yín nílé pé kí ló dé, ẹ ní òfin ìjọba ni.

Irọ́ ni. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo tó fojú ara mi ka òfin tí ẹ fi ń dẹ́rù bà wá. Nígbà yẹn gan-an, ohun tí ìjọba kọ síbẹ̀ ni pé èdè tí wọ́n ń sọ ládùúgbò ni kí ẹ máa fi kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta. Kíláàsì kejì ni mo wà! Ṣé ẹ mọ̀, Bàbá mi? Ṣé ẹ kà á tán tí ẹ wá ká a sínú dúrọ́ọ̀, àbí àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ni kò fi ránṣẹ́ sí yín? Èwo nínú méjèèjì ni kí n fi tu ara mi nínú? Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọdá títì àfi lórí afárá, ẹ rú òfin lé mi lórí, ẹ sì fi òfin bojú.

Ìjọba pàápàá kò sàn jù yín lọ. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, wọ́n gbé òmíràn jáde pé èdè abínibí ni ká máa fi kọ́ wọn títí wọ́n á fi jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn kò fún wa níwèé, wọn kò kọ́ wa bí a ó ti ṣe é, àmọ́ mo ṣe é. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, Mujídà, ọmọ fọganáísà tó wà ní ìkángun àdúgbò wa. Ó dúró níwájú gbogbo wa, ó ṣàlàyé bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ri rọ́bà inú táyà sínú omi kó lè rí ibi tó ti ń jò, àti ìdí tí omi fi máa ń hó níbẹ̀. Ọmọ Íbò tó jókòó tì í ló ń da ìbéèrè bò ó, Yorùbá ló sì fi ń bi í. Bàbá mi, ẹ̀ bá gbọ́ ẹnu ọmọ yẹn!

Ká tó ṣẹ́jú, àwọn àgbà ìjọba ti fagi lé òfin náà. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n ń fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe ìdánwò ọ̀hún! Ó dà bí ẹni tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún èèyàn mu, tó wá ní ahọ́n onítọ̀hún ni kò dáa. Ọmọ ta ni nínú wọn ló wà lórí àga tó ti kán ní kíláàsì mi? Ojú wọn ò tì wọ́n.

Bí wọ́n ṣe fagi lé e ni hẹ́dímísírẹ́sì wa ní kí wọ́n lọ wá pátákó yín jáde. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín ni, ẹ nà án dáadáa, ó sì ń dúpẹ́ títí dòní. Láti ìgbà náà ni Mujídà ti yadi. Tí mo bá bi í ní nǹkan, á máa wo ẹnu mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, hẹ́dímísírẹ́sì dúró sí kíláàsì mi, pátákó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mujídà dìde. Ó fún ẹsẹ̀ pọ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá, kò rí i. Nígbà tó yá ó ní, “Àǹtí, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí,” ṣùgbọ́n ó ti bọ́, ó ti ń ṣàn lọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Hẹ́dímísírẹ́sì na pátákó sí mi. “Ẹ so ó mọ́ ọn lọ́rùn jàre! Báyìí náà ni bàbá yín ṣe tọ́ wa, ṣé a wá kú ni?”

Mo gbà á. Mo yíjú sí Mujídà, ọmọ náà ti na ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Ọrùn yẹn ni mo rí tí mo fi yí padà. Mo la okùn náà síwájú hẹ́dímísírẹ́sì, mo ní, “Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ sọ Yorùbá kẹ́yìn.”

Òfin yín ni mo lò, Bàbá mi. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Òun náà ń wá Gẹ̀ẹ́sì, kò rí i. Ó jáde, mo sì mú Mujídà lọ fọ ẹsẹ̀.

Wọ́n ti fún mi ní kúẹ̀rì. Ní Mọ́ńdè, mo máa lọ dúró níwájú àwọn ará ọ́fíìsì. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ obìnrin náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gbé mi lọ sí ìkángun Ẹ̀pẹ́ tàbí kí iṣẹ́ bọ́. Mi ò bẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí o. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, ta ni Mujídà máa na ọrùn sílẹ̀ fún?

Ẹ sì tún wá kú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lù yín, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ lọ. Dókítà kékeré yẹn bi yín bí ara ṣe rí, ẹ ń wo ẹnu rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ìyá yín nìkan ló kù lẹ́nu yín, èmi tí wọ́n bí sí Mushin ò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ké, “Yéè! Yèyé mi ò!” Mo di ọwọ́ yín mú. Ó wà lórí ahọ́n mi láti béèrè pé pátákó ńkọ́, mo gbé e mì.

Mo máa wọ mọ́tò ní Jíbówú lọ́la, mò ń bọ̀ ní Iléṣà. Pátákó wà nínú báàgì mi. Orí òkúta sàréè yín ni mo fẹ́ gbé e kọ́, kí ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń rí. Mi ò tíì dárí jì yín. Àmọ́ mo mọ ara mi. Bí mo bá débẹ̀, mo máa kí yín, mi ò sì lè kí yín ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá ti ní ẹ kú ilé, Bàbá mi, ẹ mọ òfin yín. Màá bọ́ ọ lọ́rùn yín, màá gbé e kọ́ tèmi, màá sì gbé e lọ síwájú wọn ní Mọ́ńdè.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ bo ìwé fún, tó fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú.