Èémí Òkè: Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Bàbá Ẹ-Dákẹ́

Sí Ìyá wa, ìyàwó olóògbé, àti ẹ̀yin ọmọ,

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ẹ̀yìn Kámẹ́rà fi ń kọ̀wé sí yín lórí ìpapòdà bàbá wa, àgbà nínú iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Ẹ-Dákẹ́. Erin wó. Àjànàkú sùn bí òkè. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn dárò àwọn àgbà. A kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣe iṣẹ́ yìí láàárín wa. Bí a bá ti ya ìran kan tán, tí ebi ń pa oníkálukú, tí àwọn kan ti ń ká wáyà, wọn á gbé ọwọ́ sókè, wọn á ní, “Ẹ dákẹ́.” Gbogbo wa á dúró gbagidi fún odindi ìṣẹ́jú kan kí wọ́n lè gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a ó fi dí àlàfo ohùn nínú fíìmù. Wọ́n ní kò sí iyàrá méjì tó dákẹ́ bákan náà, pé iyàrá tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀. Oníkámẹ́rà wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dùn ún, ní òun kò rí irú bàbá yìí rí, tó ń fi àpò ru òfo lọ sílé. Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọn á sì di àpò wọn. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá Ẹ-Dákẹ́ ló ń na ọwọ́ gba ẹyin náà kó tó kanlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ yín wà nínú rẹ̀. Fíìmù àràmàǹdà kan ni, ìtàn ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sẹ́sẹ̀ òkè láìmọ̀ pé òmìrán tó sùn ni òkè náà. Olùdarí fíìmù fẹ́ kí fèrè àti àrá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá ní rárá o, ẹni tó bá pariwo lẹ́nu ọ̀nà ti lé ìbẹ̀rù sá lọ. Bí ìbẹ̀rẹ̀ náà ṣe wá rí nìyí. Ojú àwòrán dúdú. Kò sí orin, kò sí ọ̀rọ̀, àfi èémí kan tó ń lọ tó ń bọ̀, tó jinlẹ̀, tó falẹ̀, tí a kò mọ ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ rọra wọlé. Oníkámẹ́rà wa fi ikùn lélẹ̀ nínú ìrì nítorí ìyẹn. Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀ débi pé koríko ga ju ilé lọ, ó sì ń rọra tì í síwájú bí ẹni tí kò fẹ́ jí onílé. Garawa omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí èémí náà bá jáde, ojú omi á gbọ̀n.

Obìnrin tó ń gé fíìmù wa, tó sì ń tò ó pọ̀, tí à ń pè ní Onísísọ́ọ̀sì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló fi ń gé e, fi àwòrán garawa yẹn sílẹ̀ títí ara fi ń ta òǹwòran. Kò gé e nígbà tí èémí jáde. Ìgbà tí òkè fà á sínú, tí kò tíì dá a padà, ló gé e. Èémí náà wá dúró. Ìdákẹ́jẹ́ iyàrá òfìfo kan ni Bàbá tẹ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wò ó nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ti di èémí tòun mú, àfìgbà tí òkè tún mí, tí gbogbo gbọ̀ngàn mí pẹ̀lú rẹ̀. Olùdarí kò sọ̀rọ̀ fèrè mọ́.

Ìyá wa, ẹ ó rántí ọ̀sán Àìkú kan tí Bàbá sùn lọ lórí àga gígùn, tí àpò iṣẹ́ wọn ṣí sílẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa ẹ̀rọ ìgbohùn inú rẹ̀ bí ẹ ti máa ń rí i tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè fi han ẹni tó ní òun kì í hanrun. Wọ́n sọ fún yín pé àwọn ti pa ohùn náà rẹ́. Wọn kò pa á rẹ́ o. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé e wá bá Onísísọ́ọ̀sì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú wọn, wọ́n ní ìyàwó àwọn ti dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Wọ́n fà á gùn, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì di èémí òkè. Wọ́n mú Onísísọ́ọ̀sì búra pé kò gbọdọ̀ sọ: ọjọ́ tí fíìmù bá kọ́kọ́ jáde, àwọn fúnra wọn ni yóò mú yín jókòó sí iwájú.

Ọjọ́ yẹn kò dé bá wọn. Nígbà tí a wá kí yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan, Onísísọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀. Ẹ ní, “Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìhanrun wọn ò fi jẹ́ kí n sùn. Ní báyìí, àìgbọ́ ọ ni ò jẹ́ kí n sùn.” Onísísọ́ọ̀sì tẹ orí ba. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó to ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn, ó fi afẹ́fẹ́ sí àyè èémí. Ó gbé méjèèjì síwájú wa, ó sọ ẹni tó ni èémí náà fún wa, ó ní bí ìdílé bá ní ká yọ ọ́, òun yóò yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò gbà á láti dá gé èémí Bàbá lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà la ṣe tú àṣírí wọn, kí ó má baà jẹ́ inú òkùnkùn, láàárín èrò, ni ẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tiyín ni èémí yìí. Ẹ̀yin lẹ gbà á sílẹ̀. Fíìmù náà kò ní kúrò lọ́wọ́ wa títí ẹ ó fi sọ tẹnu yín, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí ẹ bá ní kó dúró, yóò dúró. Bí ẹ bá ní kó kúrò, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín nídìí. Gbogbo ìdákẹ́jẹ́ tí Bàbá kó jọ la ó dà kọ, tí a ó sì kọ orúkọ wọn sí i lára, kí àwọn ọmọ lè jogún rẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹsẹ̀ wa yóò dá ní ilé yín lẹ́yìn ìsìnkú.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Bàbá kò bá wọn dákẹ́. Ohùn ọ̀sán Àìkú yẹn wà lórí káàdì kékeré kan nínú àpò ìwé yìí, bí ẹ ti gbà á sílẹ̀ gan-an, kí ó tó di òkè.

Kí Ọlọ́run tó ń mí èémí sínú ènìyàn, tó sì ń gbà á padà nígbà tó bá tó lójú Rẹ̀, tẹ́ Bàbá sí ibi ìsinmi. Kí Ó tu ẹ̀yin ọmọ nínú. Ìyá wa, kí Ó fún yín ní oorun.

Akọ̀wé,
fún gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ẹ̀yìn Kámẹ́rà