Ìbéèrè Tí Bàbá Rẹ Bi Mí

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi tí n kò tíì fojú kàn. Àbúrò rẹ tó ń ránṣọ ní kí n kí ọ. Òrùlé kò jò mọ́. Orúnkún mi nìkan ló ṣì ń fa wàhálà, ogbó ti dé.

Bàbá rẹ ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí mọ́. Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, kó máa ti abúlé bọ́ sí abúlé, kó máa bi àwọn àgbà nípa àṣà wọn, iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tó ń rántí. Láràárọ̀ ló ń gbé rẹ́kọ́dà tí kò ní bátìrì síwájú mi, á ní, "Ẹ ṣeun, mà, tí ẹ gbà mí sílé yín." Èmi tó fẹ́ níyàwó! Mo sì ń dá a lóhùn, torí ó sàn ju kó dákẹ́ lọ.

Lánàá, ó ní, "Mà, bí ọmọ bá lọ sọ́nà jíjìn tí kò wálé, kí lẹ máa ń ṣe níbí?"

Omi bọ́ lójú mi.

Ṣé o rántí pé bàbá rẹ kì í gba ohùn ẹni tó ń sunkún sílẹ̀? Ó nawọ́, ó pa rẹ́kọ́dà náà. Ó ní, "Ẹ má dáhùn, mà. Ẹ jẹ́ ká kàn jókòó." A sì jókòó.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Má fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi wọkọ̀. Tètè wá, kí bàbá rẹ tó gbàgbé àtipa rẹ́kọ́dà náà.

Ìyá rẹ.