Ẹ̀jẹ́ Fátima àti Àga Kan Ṣoṣo Ẹgbẹ́ Wa

                                        Rua da Fonte,
                                        Vale de Corças,
                                        Lẹ́bàá Viseu,
                                        Pọtogí.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Karùn-ún.

Ermelinda, ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baálé rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, otútù Luxembourg yẹn ńkọ́? Mo gbọ́ pé orúnkún rẹ tún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Má fi ṣeré o, máa fi omi gbígbóná jó o. Ní tèmi, ara le, àfi ẹsẹ̀ tí mo gbé lé tìmùtìmù bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kankan ò gbà á, síbẹ̀ ẹ̀rín ni mò ń rín láti àárọ̀. Wá ibì kan jókòó sí ná, torí ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣerun fáwọn ará abúlé ti di aṣòfin.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Graciete. Má tíì rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n rò fún ọ.

O mọ bí Bàbá mi ṣe fẹ́ràn Ẹgbẹ́ Ìdílé àti Àṣà tó. Ìdìde ni wọ́n fi ń dìbò nílé aṣòfin wa, Bàbá sì máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, bí ẹgbẹ́ wọn bá dìde, gbogbo apá ọ̀tún ilé á ga sókè bí oko àgbàdo. Ìgbà ò lọ bí òréré. Àwọn kan kú, àwọn kan sá lọ sẹ́gbẹ́ mìíràn, títí ó fi ku ìwọ̀nba tí takisí kan lè gbé. “Ẹgbẹ́ Takisí” ni gbogbo ayé wá ń pè wọ́n. Nígbà ìdìbò tó ṣáájú eléyìí, takisí gan-an ò rí èrò gbé, ẹnì kankan ò wọlé. Bàbá ti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì pa, wọ́n sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Ìdìbò tún dé. Òfin ní obìnrin gbọ́dọ̀ wà lára àwọn olùdíje, ẹgbẹ́ ò sì rí obìnrin kankan. Bàbá bá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi tẹ̀ lé ti Dókítà Valadares, lọ́yà tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, tó jẹ́ aṣáájú wọn lágbègbè wa. Wọ́n ní orúkọ lásán ni, pé kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Bí àwọn ará abúlé ṣe gbọ́, wọ́n sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ nílé kọfí Màmá Zulmira, wọ́n ń kí mi ní Ọnọrébù. Èmi náà gbé ife kọfí mi sókè, mo ní bí ẹgbẹ́ yìí bá rí àga kan ṣoṣo gbà, màá fẹsẹ̀ rìn dọ́dọ̀ Ìyá Wa, ìyá Olúwa, ní ṣọ́ọ̀ṣì Fátima, ìrìn ọjọ́ márùn-ún, kí n tó jókòó sí àgakága nílé aṣòfin. Gbogbo ilé kọfí bú sẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé Ìyá Wa ń gbọ́.

Dókítà Valadares wọlé, àwọn nìkan ṣoṣo lẹ́gbẹ́ wa ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Bàbá sunkún ayọ̀. Kò pẹ́, ìjọba tuntun ní kí Dókítà wá ṣe mínísítà, bí ẹni bá sì di mínísítà lọ́dọ̀ wa, ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e ló ń gba àga rẹ̀. Irun Màmá Zulmira ni mò ń pa láró lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Kí ohun tí wọ́n ń wí tó yé mi, aró ti pẹ́ jù, orí màmá ti pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí ni. Wọ́n wo jígí, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ẹgbẹ́ yín ti ba irun mi jẹ́, Graciete. Ẹ̀jẹ́ yẹn, wàá san án. Èmi náà á bá ọ lọ, torí mi ò lè gbé orí yìí káàkiri abúlé.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀ ni ilé aṣòfin máa dìbò bóyá ìjọba á dúró tàbí á wó, ìbò kan ṣoṣo ló sì kù kí ti ìjọba tó pé. Tèmi ni. Olórí ẹgbẹ́ pè láti Lisbon pé kí n wọ ọkọ̀ ojú irin kíá, pé Ìyá Wa á dárí jì mí. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, láti ọjọ́ yìí là ń sọ fáráyé pé kí wọ́n pa ìlérí mọ́. Ṣé ìlérí tó yẹ̀ ni kí ọmọ mi fi wọlé?” Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí mo bá pẹ́ lọ́nà, ẹgbẹ́ tí Bàbá fi gbogbo ayé wọn sìn á tún di ẹ̀sín, ọkàn wọn ò sì lágbára mọ́ láti dúró de ìdìbò mìíràn.

La bá gbéra, èmi àti Màmá Zulmira, a gbé búrẹ́dì àgbàdo àti wàràkàṣì dání. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi lé ròrò. Màmá ń fi abẹ́rẹ́ gún un, wọ́n ń fa òwú gba inú rẹ̀, mo ń sunkún, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹgbẹ́ alátakò kan tó ti gbọ́ ìròyìn wa fún wa lómi lọ́nà, ó bi wá pé, “Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Takisí, takisí yín dà?” Màmá Zulmira ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la dé Fátima. Mo tan àbẹ́là, mo dúpẹ́, mo bẹ̀bẹ̀ kí Ìyá Wa má tún gba àwàdà mi gbọ́ mọ́. Bàbá ti ń dúró dè wá pẹ̀lú takisí. Awakọ̀ wo bàbá arúgbó, ó wo Màmá olórí kárọ́ọ̀tì, ó wo èmi tí mo wọ sílípáàsì, ó ní ṣé ìgbéyàwó là ń lọ. Bàbá ní, “Rárá o. Gbogbo ẹgbẹ́ wa tó wà nílé aṣòfin ló wà nínú mọ́tò rẹ yìí. Jọ̀ọ́, rọra wà á.” Ermelinda, ọmọkùnrin yẹn gbọ́ràn jù. Ó ń rìn bí ìgbín, àfìgbà tí Màmá Zulmira ní bí a bá pẹ́, òun á pa irun tirẹ̀ náà láró.

A dé ilé aṣòfin ní Lisbon bí wọ́n ṣe fẹ́ dìbò. Sílípáàsì yẹn náà ni mo wọ̀ wọlé, wọ́n búra fún mi, mo jókòó. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ kí ìjọba dúró dìde. Mo fọwọ́ ti tábìlì, ẹsẹ̀ ń ta mí bí iná, mo dìde. Ọ̀tún mi ṣófo, òsì mi ṣófo. Ìjọba ò wó. Bí àwọn kan ṣe ń rẹ́rìn-ín sí sílípáàsì mi ni mo gbọ́ ariwo lókè, níbi tí àlejò ti gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá mi ló dìde. Ẹ̀ṣọ́ ń fà wọ́n láṣọ pé kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní, “Má bínú, ọmọ mi. Ẹgbẹ́ mi ló wà lórí ìdúró yẹn, mi ò lè jókòó.”

Bá mi kí baálé rẹ àti àwọn ọmọ. Màmá Zulmira ní kí o bá wọn wá ìborí tó nípọn ránṣẹ́. Bàbá náà kí ọ, wọn ò sí nílé báyìí. Wọ́n ti tú kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò lọ́rùn láti àárọ̀, wọ́n sì ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì lè wọ bàtà,
Graciete