Ọ̀dà Ọkọ̀ Bàbá

Isao,

Mo lẹ ìwé yìí mọ́ géètì kí o lè gba ẹ̀yìn wọlé. Mo wà nípàdé àdúgbò, níbi tí a ti ń yan ibi tí gbogbo ilé á máa kó ọ̀dà tó ṣẹ́ kù sí. Màá ní kí wọ́n lo àgọ́ ọkọ̀ Bàbá. A ti ta ọkọ̀, àgọ́ ṣófo. Tó o bá fẹ́ bínú, jẹun ná.

Láàárọ̀, mo fẹ́ fi ọ̀dà ọkọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú agolo Bàbá kun ìwé ìròyìn, kó gbẹ, kí n kó o dà nù bí a ti ń ṣe. Mo ṣí i, búlúù ọkọ̀ yẹn ṣì ń dán lábẹ́ èépá. Mi ò lè ṣe é. Ilẹ̀kùn iwájú ni mo fi kùn.

Ṣé o rántí bí Bàbá ṣe máa ń pariwo mọ́ ọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀, tí ìwọ kì í gbọ́? Má fọwọ́ kàn án, kò tíì gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Kiyoka